Atukọ̀ Tó Kúnlẹ̀ De Ìdáhùn

Ní ilé Maurice ní Agbonou, ní ilẹ̀ Tógò, ọmọ tó bá kí bàbá ní láti wà lórí ìkúnlẹ̀ títí bàbá yóò fi dá a lóhùn. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àwọn Ifẹ̀, àwọn Yorùbá ìhà ibẹ̀, tó wà lójú ọ̀nà Atakpamé ló ń ṣe é: o kúnlẹ̀, o kí, bàbá dáhùn, o dìde, ó tán. Ṣùgbọ́n ti Maurice tún yàtọ̀. Katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni, kì í na ọmọ, kì í pariwo. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, ìkíni rẹ ni kò ní dáhùn. Á jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, á máa wo ojú títì bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níwájú òun, ìwọ náà á wà níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ á máa gún ọ lórúnkún. Àwọn èèyàn ní oníwàpẹ̀lẹ́ ni. Oníwàpẹ̀lẹ́ kẹ̀! Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ní kó kúkú nà mí.

Céline ni àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kà, ó fọ́ gíláàsì àtùpà ṣọ́ọ̀ṣì níbi tó ti ń nù ún. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó kí i, ó ní kó dárí ji òun. Maurice kò fọhùn. Òjò ṣú, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, Maurice gbé àga rẹ̀, ó wọlé. Geneviève, ìyá ọmọ náà, tó ń din iṣu tà lẹ́bàá títì, sáré dé pẹ̀lú abọ́ lórí, ó bá ọmọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Dìde ńlẹ̀ yẹn!"

"Bàbá kò tíì dáhùn."

"Bàbá rẹ ti wọlé, ó ti ń jẹun!"

"Kò tíì dáhùn, Ìyá."

Àfìgbà tí Maurice yọjú lójú fèrèsé, tó ní "Mo gbọ́," kí ọmọ náà tó dìde. Ìtàn yìí ni gbogbo Agbonou ń sọ kiri fún ọdún pípẹ́. Wọ́n á ní, ẹ wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́! Ikọ́ ni òjò náà fi sí i láyà, wọ́n ń yìn ín. Geneviève nìkan ni kò yìn ín. Ó fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, ó fi òrí pa á lórúnkún, ó ní, "Níbi tí o ń bá a lọ yìí, orúnkún rẹ ni yóò kọ́kọ́ gbó lára rẹ."

Orí Céline pé, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Lọ́jọ́ kan, àwọn sístà tó ń kọ́ wọn níwèé ní Atakpamé kó wọn lọ sí Kamina, níbi tí àwọn Jámánì ti kọ́ ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì kí ogun 1914 tó dé. Sìmẹ́ńtì wíwó àti irin tó ti dípẹtà ni wọ́n bá nínú igbó. Sístà ní láti ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lójú ọ̀run títí dé Jámánì, láìsí okùn, kí wọ́n tó fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ nítorí ogun. Àwọn ọmọ yòókù ń wá èso jẹ. Céline nawọ́ sókè.

"Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àwọn ará ọ̀hún gbọ́?"

"Wọ́n á dáhùn."

"Tí wọn ò bá dáhùn ńkọ́?"

Sístà ní ìbéèrè yẹn tó, kó lọ tò sórí ìlà. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì tún bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Láti Atakpamé ó lọ sí Lomé, láti Lomé ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, ìlú tí òkè yí ká, tí òtútù rẹ̀ ń wọ inú egungun. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́ níbẹ̀. Ètò tí wọ́n fi ń darí àwọn kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn jẹ́ ìbátan èyí tí wọ́n ń pè ní Yúníìsì, ó sì wu Céline nítorí pé èèyàn lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó kà á bí ẹni ń ka ìwé, kó tún fi tirẹ̀ kún un. Ibi tó fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni àwọn ètò kéékèèké tó dúró láàárín kọ̀ǹpútà àti àwọn irin tí wọ́n bá so mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò gbọ́ èdè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò gbọ́ èdè káàdì tí wọ́n bá kì bọ inú rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Pilọ́ọ̀tì ni àwọn Faransé ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Céline á ní atukọ̀ ni.

Ì bá wà ní Grenoble. Wọ́n ní kó dúró. Maurice ló gba ọwọ́ fadá ránṣẹ́ pé kí Céline máa bọ̀ nílé, Céline sì dìde lọ́dọ̀ àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́, ó wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń pàṣẹ fún un. Ọdún 1985 ló dé. Ó kúnlẹ̀ lábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú kóòtù òtútù lọ́wọ́, inú Maurice dùn lọ́jọ́ náà, ó dáhùn kíákíá.

Ó rí iṣẹ́ ní Atakpamé, ní ọ́fíìsì kan tó ń gba ìròyìn òjò àti ìwọ̀n omi odò láti oríṣiríṣi ibi. Ìgbà náà ni wọ́n ń dí odò Mono ní Nangbéto láti fi pèsè iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ omi sì ti di ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu gbogbo èèyàn. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n gbà á sí. Mùsíọ̀ Laurent, ọ̀gá ibẹ̀, ará Lomé kan tó máa ń wọ táì nínú ooru, ṣàlàyé fún un. Kọ̀ǹpútà méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan wà nínú ilé rédíò, níbi tí ìròyìn omi ń wọlé sí. Èkejì wà nínú gbọ̀ngàn ńlá lódìkejì àgbàlá, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán odò. Tí ìròyìn bá ti délé rédíò, ẹnì kan ni yóò gbé díìsì, yóò gba inú òjò kọjá àgbàlá lọ fún èkejì. Wọ́n ti ra okùn Ẹ́tánẹ́ẹ̀tì tí yóò so wọ́n pọ̀, wọ́n ti ra káàdì nẹ́tíwọ̀kì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ta káàdì náà kò mọ nǹkan kan nípa ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Káàdì náà kàn wà nínú wọn bí ẹni tó yadi.

"Kọ atukọ̀ rẹ̀," Mùsíọ̀ Laurent wí. "Àwọn àlejò ń bọ̀ wá wò wá lẹ́yìn ọdún tuntun. Bí kọ̀ǹpútà méjèèjì bá sọ̀rọ̀ síra wọn lójú wọn, n ó fún ọ ní ìwé iṣẹ́ títí lọ."

Kò mọ ohun tó ń fi lọ ọmọ ọlọ́mọ. Opó kan wà ládùúgbò ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní Atakpamé tó ní yàrá kan tó fẹ́ fi háyà. Yàrá náà dá dúró, ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè. Céline ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń rò ni pé bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, òun á ṣílẹ̀kùn, òun á wọlé, òun á jókòó, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi kankan. Maurice ti ní ọmọ òun kò ní torí iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ kúrò nílé lọ máa dá gbé. Àmọ́ tí ìwé iṣẹ́ títí lọ bá dé, ó lè máa lọ. Nítorí náà, ìwé Mùsíọ̀ Laurent ni kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn. Opó náà ní òun á fi yàrá náà dè é.

Ní ọ́fíìsì, Philippe ni wọ́n fi tì í láti ràn án lọ́wọ́. Ará Agbonou ni òun náà, wọ́n jọ lọ sílé-ìwé ni, òun ló sì ń gbé díìsì kọjá àgbàlá. Ẹlẹ́nu dídùn ni, "Mamusẹ́ẹ̀lì Grenoble" ló ń pe Céline. Céline jókòó tì í, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka inú ètò. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ atukọ̀ náà fún un báyìí: kọ̀ǹpútà á kó ọ̀rọ̀ lé atukọ̀ lọ́wọ́, atukọ̀ á gbé e fún káàdì, á ní kó fi ránṣẹ́, á wá dúró kí káàdì ní òun ti rán an. Ìgbà tó bá gbọ́ ìyẹn ló tó lọ sọ fún kọ̀ǹpútà pé iṣẹ́ ti parí. Títí atukọ̀ á fi gbọ́ ìdáhùn, kọ̀ǹpútà kò ní lè ṣe nǹkan mìíràn.

Philippe wo ojú kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ họ irùngbọ̀n. "Tí káàdì ò bá dáhùn ńkọ́?"

"Yóò dáhùn."

"Mo ní tí kò bá dáhùn."

"Philippe, o pè é, o gbéṣẹ́ fún un, o sì fẹ́ yíjú padà kó tó fọhùn? Dúró dè é. Yóò dáhùn."

Ẹ wò ó. Wọ́n ti kọ́ ọmọ yìí ní Grenoble pé irin lè kú, pé okùn lè já, pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi òpin sí ìdúró. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, ó sì gba máàkì dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó láti kọ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ ohun tí ara rẹ̀ mọ̀. Kò tilẹ̀ kíyè sí i pé òun fi nǹkan kan sílẹ̀. Atukọ̀ náà pe káàdì, ó kúnlẹ̀, ó ń dúró, kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti sọ fún un pé ó lè dìde.

Ó sì ṣiṣẹ́! Ọjọ́ tí ìròyìn òjò kọ́kọ́ ti ilé rédíò jáde sójú kọ̀ǹpútà inú gbọ̀ngàn, Philippe ju díìsì ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó jó yí àgbàlá ká. Mùsíọ̀ Laurent pàápàá tú táì. Fún oṣù bíi mélòó kan, omi kún, omi fà, ìròyìn rẹ̀ ń lọ nínú okùn, kò sí wàhálà. Okùn náà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri gbọ̀ngàn, ó parí sí ẹ̀bá fèrèsé, wọ́n sì fi fìlà irin kékeré kan dé orí rẹ̀. Fìlà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Tí kò bá sí lórí okùn, ọ̀rọ̀ tó bá dé ìparí okùn á ta padà, á lọ kọlu èyí tó ń bọ̀, káàdì á gbìyànjú títí yóò fi sú u, á wá dákẹ́.

Ọjọ́ àwọn àlejò pé. Láti àárọ̀ ni Bàbárímisá, bàbá àgbà tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, ti ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó gbogbo irin ọ́fíìsì náà: ọwọ́ ilẹ̀kùn, agogo, títí kan ìkọ́ fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Níbi tó ti ń bó ìkọ́ fèrèsé gbọ̀ngàn ló ti rí fìlà irin kékeré tó ti ṣú dúdú lórí okùn. Ó yí i kúrò, ó bó o, ó dán gbinrin, ó gbé e sójú fèrèsé kó gbẹ.

Àwọn àlejò wọlé, àwọn ará Lomé àti òyìnbó díẹ̀. Mùsíọ̀ Laurent sọ̀rọ̀ gígùn nípa ọjọ́ iwájú, ó wá ní kí Mamusẹ́ẹ̀lì Céline fi hàn wọ́n. Céline tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ gbọ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun. Òyìnbó kan rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn irin yìí máa ń tijú àlejò. Wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Mùsíọ̀ Laurent rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, iṣan ọrùn rẹ̀ sì yọ síta. Wọ́n lọ jẹun.

Kó tó di pé wọ́n jẹun tán, Céline ti rí fìlà náà lójú fèrèsé. Bàbárímisá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dán, àbí, ọmọ mi?"

"Ó dán, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Kí ni kó sọ fún àgbàlagbà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí? Ó yí fìlà padà sórí okùn. Bó sì ti ń yí i ni ojú rẹ̀ là sí ti ara rẹ̀. Káàdì ti dákẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n káàdì tó dákẹ́ kò yẹ kó pa odindi kọ̀ǹpútà. Atukọ̀ òun ló ń dúró. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, ó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó ń dúró. Ojú ti Céline débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó mọ oògùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: kí atukọ̀ máa kà bó ti ń dúró, kó kà dé iye kan, bí káàdì kò bá dáhùn, kó fi í sílẹ̀, kó lọ sọ fún kọ̀ǹpútà pé kò ṣeé ṣe, kí ayé máa lọ. Ìlà kékeré ni, iṣẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Mùsíọ̀ Laurent wọlé nìkan. "Ẹ̀bi ta ni?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá fi gba ara rẹ̀ là. Ó lè ní bàbá géètì ló tú fìlà. Kò sọ ọ́. "Tèmi ni, Mùsíọ̀. Atukọ̀ náà ló ń dúró láìní òpin, ẹ jẹ́ kí n..."

Mùsíọ̀ Laurent gbọ́wọ́ sókè. "Má fọwọ́ kàn án mọ́. Lọ sílé. N ó ránṣẹ́ pè ọ́."

"Mùsíọ̀, ohun kékeré ni, tí ẹ bá lè..."

Ó ti jáde. Céline lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ títí àwọn àlejò fi wọkọ̀, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Mùsíọ̀ Laurent gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, kò wò ó. Ní géètì, ó bá Philippe, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ibi tí ìlà náà yẹ kó wà àti ohun tó yẹ kó sọ.

"Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kàn án o. Ọ̀gá ní òun á ránṣẹ́ pè mí, n ó wá ṣe é fúnra mi."

"Mo gbọ́," Philippe wí.

Céline lọ sílé, ó ń dúró. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú tí mo bá ń sọ ọ́. Ọmọ tó ti fẹsẹ̀ tẹ yìnyín, tó mọ inú kọ̀ǹpútà bí ẹní mọ inú àpò rẹ̀, ó jókòó sí Agbonou, ó ń retí ẹni tí yóò wá pè é. Láàárọ̀ á múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, á wọ bàtà. Tí mọ́tò bá dẹwọ́ eré níwájú ilé, á dìde.

"Lọ bá ọkùnrin náà," Geneviève wí.

"Ó ní òun á ránṣẹ́ pè mí."

"Ṣé o kò ní ẹsẹ̀ ni? Lọ bá a!"

Maurice dá sí i láti orí àga rẹ̀. "Ọ̀gá rẹ̀ ní kó dúró. Ẹ jẹ́ kó dúró. Ọmọ tí mo kọ́ kò ní lọ máa da ọ̀gá láàmú."

Ìyẹn parí ọ̀rọ̀. Céline bọ́ bàtà. Nígbà tó yá, kò wọ̀ ọ́ mọ́. Òjò dé, òjò lọ, wọ́n wa iṣu tuntun, ó sì ti wà lẹ́bàá títì pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó ń bó iṣu, ó ń gé e, àwọn ọkọ̀ Nangbéto ń kọjá, wọ́n ń da eruku sí wọn lára. Àwọn tó ń ra iṣu á ní ṣé kì í ṣe ìwọ lo lọ sí France? Á ní òun ni. Wọ́n á ní kó fi ata sí i.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí ọkùnrin àgbà kan sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù, tó wá ra iṣu díndín. Bàbárímisá ni. Inú rẹ̀ dùn láti rí Céline.

"Ọmọ mi! A ò rí ọ mọ́! Èmi ò bó fìlà yẹn mọ́ o. Philippe ti kìlọ̀ fún mi, ó ní tí mo bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi á gé." Ó rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ ó ní kò lè ba nǹkan jẹ́ mọ́ bíi ti ọjọ́ yẹn, ó ní òun ti tún un ṣe."

Céline gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Ó ti tún kí ni ṣe, Bàbá?"

"Àwọn ẹ̀rọ yẹn ni. Láti ọ̀sẹ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ti fún un níwèé iṣẹ́. Ó ti háyà yàrá lọ́dọ̀ opó kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, yàrá tó dára, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè."

Geneviève gbé ọ̀bẹ náà kúrò níwájú ọmọ rẹ̀, ó sì nawọ́ sí alùpùpù tó gbé bàbá náà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, Céline gùn ún. Kò bọ́ aṣọ ìdáná tó fi ń din iṣu.

Ní ọ́fíìsì, Philippe dìde nígbà tó rí i. Ojú rẹ̀ kò gbà á láti pè é ní Mamusẹ́ẹ̀lì Grenoble. Ó ṣí ètò náà fún un láìjẹ́ pé Céline ní kó ṣí i. Atukọ̀ Céline ni látòkè délẹ̀, ìlà lórí ìlà bó ṣe kọ ọ́, àyàfi níbì kan láàárín, níbi tó sọ fún Philippe ní géètì. Ìlà kékeré náà wà níbẹ̀: máa kà, bí ó bá pé iye yìí, fi í sílẹ̀.

"Mo ní kí o má fọwọ́ kàn án."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"O ní o gbọ́."

"Mo gbọ́, Céline. Mo retí rẹ lọ́jọ́ kejì, mo retí rẹ lọ́jọ́ kẹta. Ìròyìn omi ń wọlé, èmi ni mo ń gbé díìsì kiri. Kí ni kí n máa dúró dè?" Kò fi ẹ̀gàn sọ ọ́. Ì bá sàn kó jẹ́ pé ó fi ẹ̀gàn sọ ọ́. "Ọ̀gá wọlé, ó bi mí pé ta ló tún un ṣe. Mo ní èmi ni."

Ilẹ̀kùn ṣí, Mùsíọ̀ Laurent yọ jáde pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́. Ó rí Céline, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn.

"Háà, Mamusẹ́ẹ̀lì! Níbo lo wọlé sí? Mo ti rò pé o ó padà wá lọ́jọ́ kejì, kí o wá bá mi jà díẹ̀ lórí atukọ̀ rẹ. N kò rí ọ. Mo ní bóyá o ti ríṣẹ́ tó dára ju tiwa lọ."

"Ẹ ní ẹ ó ránṣẹ́ pè mí, Mùsíọ̀."

Ó ronú. Ó ronú ní tòótọ́, ó kọjú sókè bí ẹni tó ń wá nǹkan. "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní ó ṣeni láàánú, àyè kò sí mọ́, kí ó kí ilé.

Céline fẹsẹ̀ rìn padà sí Agbonou. Kò sunkún, ìbínú ló ń bí i, ìbínú náà kò sì rí ẹni kan pàtó bà lé, ó ń ti orí Philippe fò sórí Laurent, ó tún ń padà sórí òun fúnra rẹ̀. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn! Ẹni tó ń dúró dè kò tilẹ̀ rántí pé òun ní òun á pè é.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó délé. Maurice wà lábẹ́ máńgòrò. Ọ̀rọ̀ ti dé etí rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ lọ bá ọ̀gá láìjẹ́ pé ọ̀gá pè é, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ òun, pẹ̀lú aṣọ ìdáná. Céline kúnlẹ̀ níbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

Maurice ń wo ojú títì.

Òkúta wẹ́wẹ́ gún Céline lórúnkún. Ó mọ̀ wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dárúkọ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú ọkàn rẹ̀. Kò kà á kíákíá. Ó fún bàbá rẹ̀ láyè dáadáa, ju àyè tí ẹnikẹ́ni máa ń fún káàdì lọ. Mọ́tò kan kọjá. Geneviève, tó ń kó abọ́ bọ̀ láti ẹ̀bá títì, dúró sójú kan, kò lè wọlé, kò lè padà.

Nígbà tó kà tán, Céline dìde. Ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún.

"Céline." Ohùn Maurice kò le, ẹnu ló yà á. "N kò tíì dá ọ lóhùn."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀ kọjá, ó wọ ilé ìdáná, ó sì jókòó ti iṣu tó kù láti bó fún ọjọ́ kejì. Kò sí ibòmíràn tí yóò lọ. Yàrá opó ti ní ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.